Irinṣẹ́ àti Dátà GIS fún Ìṣètò Ìlú ní Ìbàdàn: Ìfiwéra fún Olùkọ́ àti Olùwádìí

Ẹni tó bá fẹ́ fi GIS (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, tí a sì fi ń ṣàyẹ̀wò ohun tó wà lórí ilẹ̀) kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣètò ìlú ní Ìbàdàn, tàbí tó fẹ́ fi wádìí ìlú náà fúnra rẹ̀, kò ní í pẹ́ kó tó rí i pé ìṣòro rẹ̀ kì í ṣe àìsí irinṣẹ́. Irinṣẹ́ pọ̀, dátà ọ̀fẹ́ náà sì pọ̀; èwo ni kéèyàn mú ló le. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi òkìkí sọ́fítíwíà yan, ṣùgbọ́n ojú mìíràn ni mo fi ń wò ó. Ohun tó yẹ kó pinnu ni irú iná àti íntánẹ́ẹ̀tì tó wà níbi iṣẹ́, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí lò lẹ́yìn tó bá jáde, àti bí Ìbàdàn ṣe rí: ìlú olókè tí odò gba inú rẹ̀ kọjá, tí àwọn agbo-ilé àtijọ́ rẹ̀ fara kan ara wọn, tí ẹ̀yìn odi rẹ̀ sì ń fẹ̀ lọ sí Mọ́níyà, Akọ́bọ̀, Ológunẹ̀rú àti Ìdó. Kíkọ́ni àti ìwádìí kì í sì í béèrè ohun kan náà, nítorí náà, bí mo bá ti gbé nǹkan méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, màá sọ èyí tí ó yẹ olùkọ́ àti èyí tí ó yẹ olùwádìí níbi tí wọ́n bá ti yàtọ̀.

QGIS, ArcGIS àti Earth Engine

Ọ̀fẹ́ ni QGIS, sọ́fítíwíà kan fún iṣẹ́ GIS. Gary Sherman ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2002, ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ló sì ti jọ ń tún un ṣe láti ìgbà náà. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, ẹni tó bá sì gbà á sórí fláàṣì lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ lè gbé e fún ẹlòmíì láìrú òfin kankan. Ní ti ArcGIS, ilé-iṣẹ́ Esri tí Jack àti Laura Dangermond dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California ní 1969 ló ni ín, owó ni wọ́n sì ń gbà lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń dín in kù fún ilé-ẹ̀kọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. ArcGIS Pro, tó jáde ní 2015, kì í ṣiṣẹ́ lórí ohunkóhun yàtọ̀ sí Windows, RAM tó kéré jù tó sì ń béèrè ni 8GB. Ẹni tó bá ṣì ń fi ArcMap, ẹ̀dà ArcGIS àtijọ́, kọ́ni gbọ́dọ̀ mọ̀ pé oṣù Kẹta ọdún 2026 ni Esri dá fún òpin àtìlẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a kọ lé ArcMap lórí ti di ohun tí a gbọ́dọ̀ tún kọ.

Fún kíkọ́ni, QGIS ni mo dámọ̀ràn pé kí a fi bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí owó nìkan. Kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ ju kọ̀ǹpútà lọ kò lè gbójú lé yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò máa bá iṣẹ́ náà lọ nílé, lórí láptọ́ọ̀pù tí RAM rẹ̀ lè má ju 4GB lọ, nínú yàrá tí iná ti lè lọ nígbàkigbà, QGIS a sì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí dátà náà kò bá ti tóbi jù. Bí láísẹ́ǹsì tí ilé-ẹ̀kọ́ rà bá sì parí lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ jáde, kò ní í rí ohun tí yóò fi lo ìmọ̀ rẹ̀ mọ́ àyàfi bó bá ríṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń sanwó fún un. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń lọ wá ẹ̀dà ayédèrú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo lòdì sí èyí pátápátá, pàápàá nínú ìwádìí, nítorí pé olùwádìí kò ní í lè sọ fún àwọn tó ń ka iṣẹ́ rẹ̀ irú sọ́fítíwíà tó lò láìpurọ́, ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ sì lè gbé kòkòrò wọ inú kọ̀ǹpútà tí dátà ọdún mélòó kan wà lórí rẹ̀.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a fojú kéré ArcGIS. Àlàyé tí Esri kọ sí abẹ́ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kún rẹ́rẹ́, àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀ pọ̀, irinṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀nà àti ìrìnnà sì ti wà ní pípé láìjẹ́ pé èèyàn ń wá plugin (àfikún sọ́fítíwíà) kiri. Bí olùkọ́ bá mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń lo ArcGIS ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ń lọ, kí ó kọ́ gbogbo sáà náà pẹ̀lú QGIS, lẹ́yìn náà kí ó wá ṣe iṣẹ́ kan náà lójú wọn nínú ArcGIS ní ìparí sáà. Ẹni tó bá ti mọ ìdí tí a fi ń ṣe buffer (ààlà tí a fà ní ìwọ̀n kan) yí odò ká, tó sì mọ ohun tí overlay (gbígbé máàpù kan lé òmíràn) ń sọ fún ni nípa ilé tó bọ́ sínú rẹ̀, kò ní í ṣòro fún un láti wá bọ́tìnnì rẹ̀ nínú sọ́fítíwíà mìíràn.

Earth Engine, tí Google gbé jáde ní 2010 fún ṣíṣàyẹ̀wò àwòrán sátẹ́láìtì, yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì, nítorí pé orí ẹ̀rọ Google ni ìṣirò rẹ̀ ti ń wáyé, a kì í sì í gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ṣe ìwádìí tàbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ti òwò. Ó dájú pé kò lè ṣiṣẹ́ níbi tí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ó lè dín owó íntánẹ́ẹ̀tì kù fún olùwádìí. Àwòrán kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì Landsat 8 lè tó 1GB láti wà sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ogún ọdún wo bí Ìbàdàn ṣe ń fẹ̀ yóò wa ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àbájáde nìkan ni Earth Engine ń fi ránṣẹ́ sí i. Fún ìwádìí tó bá ti kan ọ̀pọ̀ ọdún tàbí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 11 tó wà ní Ìbàdàn, òun ni màá yàn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì, rárá. Kóòdù JavaScript tàbí Python ni a fi ń bá a sọ̀rọ̀, máàpù tó ń já jáde lẹ́yìn ìlà mẹ́wàá kóòdù sì máa ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé òun ti lóye ohun tí kò tíì kọ́. Kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń gba oyè Másítà.

Àwọn tó bá ti mọ Python tàbí R kò nílò kí n gbà wọ́n níyànjú: GeoPandas àti sf, àkójọ irinṣẹ́ máàpù tí àwọn èdè kóòdù méjèèjì yìí ní, ń jẹ́ kí ẹlòmíì lè tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí sì ṣe pàtàkì nínú ìwádìí ju ẹwà máàpù lọ.

Landsat, Sentinel-2 àti Sentinel-1

Nínú àwọn sátẹ́láìtì tó ń ya àwòrán ilẹ̀ tí a fẹ́ fi wéra, Landsat ló pẹ́ jù. Èyí àkọ́kọ́ gòkè ní 1972, láti 2008 sì ni àjọ USGS ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń fún gbogbo ayé ní àwòrán rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mítà 30 ni píkísẹ́lì rẹ̀ (ẹyọ onígun mẹ́rin tó kéré jù nínú àwòrán) láti àwọn ọdún 1980, abẹ́ Path 191, Row 55, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi pín àwòrán rẹ̀ sí agbègbè, la sì ti ń wá Ìbàdàn. Sentinel-2, tí ilẹ̀ Yúróòpù gbé sókè ní 2015 àti 2017, rí mítà 10, ó sì ń padà sórí ibì kan náà ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́jọ ni Landsat 8 àti 9 jọ ń gbà. NigeriaSat-2, tí orílẹ̀-èdè wa gbé sókè ní 2011, ríran ju wọn lọ, nítorí pé àwòrán aláwọ̀ kan rẹ̀ jẹ́ mítà 2.5; ọ̀dọ̀ NASRDA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì ní Nàìjíríà, ni a ti ń béèrè rẹ̀.

Yíyàn láàárín Landsat àti Sentinel-2 kò le: bí ìbéèrè náà bá jẹ́ ti àtijọ́, Landsat ni, bó bá jẹ́ ti àìpẹ́ yìí, Sentinel-2 ni. Kí ẹni tó fẹ́ wo àwọn ọdún 1980 àti 1990 mọ̀ pé àlàfo wà nínú àkójọ Landsat fún ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àti pé ìlà òfìfo wà nínú àwòrán Landsat 7 láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2003 nítorí ohun kan tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Bí ìbéèrè náà bá sì ṣáájú 1972, máàpù bébà 1:50,000 àti fọ́tò tí wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú yà ni yóò wúlò. Ẹ̀ka Jíọ́gíráfì ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti ń wádìí ìlú yìí kí GIS tó dé rárá, inú mi a sì máa dùn bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ dípò kó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí sátẹ́láìtì gòkè.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀ ni àkókò tí wọ́n ya àwòrán náà. Páànù tó ti dípẹtà ló bo ọ̀pọ̀ ilé àárín ìlú, láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà-Ọba àti Òde-Ajé. Ìpẹtà irin ló pọn páànù náà, irin náà ló sì pọn yangí àti ilẹ̀ pupa tó yí ìlú ká, nítorí náà sátẹ́láìtì a máa rí àwọn méjèèjì bí ohun tó jọra. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ, tí oko tí wọ́n ti kọ èbè rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbalasa, NDBI, ìṣirò tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ fi ń wá ibi tí ilé wà, a máa ka ilẹ̀ lásán mọ́ ilé. Olùwádìí a wá kọ ọ́ pé ìlú ti fẹ̀ dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi bíríkì kan lélẹ̀. Ìgbà òjò náà kò rọrùn nítorí àwọsánmà, ọyẹ́ sì ń da eruku bo àwòrán oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní. Àwòrán tí wọ́n yà láàárín ìparí oṣù Kẹwàá àti òpin oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò ti ń dáwọ́ dúró tí koríko sì ṣì tutù yọ̀yọ̀, ni màá kọ́kọ́ wá. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọdún méjì wéra gbọ́dọ̀ mú wọn láti àkókò kan náà nínú ọdún. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ láàárín òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò wọ̀n, kì í ṣe ti ìlú.

Níbi ìṣòro yìí ni Sentinel-1 ti wúlò. Rédà ni, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, àwọsánmà kì í dí i lójú, ògiri ilé sì máa ń dá ìró rẹ̀ padà kíkankíkan ju ilẹ̀ gbalasa lọ. Fún ìwádìí lórí fífẹ̀ Ìbàdàn, Sentinel-1 àti Sentinel-2 papọ̀ sàn ju ọ̀kan ṣoṣo lọ. Nínú kíláàsì, Sentinel-2 nìkan ti tó, nítorí pé ohun tí ojú akẹ́kọ̀ọ́ lè fi wé ohun tó mọ̀ ló ń kọ́kọ́ yé e, àwòrán rédà kò sì jọ ohun tí ojú ti rí rí.

OpenStreetMap tàbí Open Buildings, ìkànìyàn tàbí WorldPop

Ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n fi ya OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi kún, láti 2004. Ẹ̀rọ ló ya Open Buildings, dátà ààlà ilé, tí Google gbé jáde fún Áfíríkà ní 2021, láti inú àwòrán tó rí bíi sẹ̀ǹtímítà 50. Ti Google kárí gbogbo ibi, ó sì fi nọ́ńbà sí ara ilé kọ̀ọ̀kan láti fi bó ṣe dá a lójú tó hàn, ṣùgbọ́n kò mọ ṣọ́ọ̀ṣì yàtọ̀ sí mọ́ṣáláṣí, kò mọ ilé ìwé yàtọ̀ sí ilé ìtajà. OpenStreetMap mọ orúkọ, ó mọ ọ̀nà, ó mọ ìlò ilé. Àmọ́ ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì fọwọ́ kàn yóò ṣófo níbẹ̀, bí ẹni pé kò sí ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀.

Ní Bódìjà tàbí Akọ́bọ̀, níbi tí ilé ti dá dúró nínú ọgbà rẹ̀, Open Buildings ṣeé gbára lé. Ní Fọ́kọ́ tàbí Ọjà-Ọba, ó yẹ kí a ṣọ́ra. Òrùlé méjì mẹ́ta tó fara kan ara wọn nínú agbo-ilé lè di ilé kan ṣoṣo lójú ẹ̀rọ, ẹni tó bá sì fi iye ilé ṣírò iye ènìyàn yóò dín àwọn tó ń gbé àárín ìlú kù gidigidi. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni ètò omi, ìgbọ̀nsẹ̀ àti ọ̀nà kò tíì kàn dáadáa, nítorí náà àṣìṣe yìí kì í ṣe ti máàpù lásán. Fún àárín ìlú, kí a ka òrùlé gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ilẹ̀ tí ilé bò, kí a má kà á gẹ́gẹ́ bí iye ilé. Fún kíkọ́ni, OpenStreetMap ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àdúgbò rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tó tọ́, èyí tó ṣọ̀wọ́n lórí àwọn máàpù tí à ń lò.

Ìkànìyàn 2006 ló ṣì jẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, wọ́n sì sún èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023 síwájú. WorldPop àti GRID3 ń pín ènìyàn sórí ilẹ̀ ní ìwọ̀n mítà 100 sí mítà 100. Wọ́n wúlò fún fífi àdúgbò kan wé òmíràn, GRID3 sì tún ní ààlà wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ìṣirò ni, ẹnikẹ́ni kò lọ ka ènìyàn níbẹ̀. Olùwádìí tó bá kọ iye ènìyàn inú rẹ̀ sílẹ̀ láìsọ pé ìṣirò ni yóò ṣi àwọn aṣètò ìlú lọ́nà.

Gíga ilẹ̀ fún ọ̀rọ̀ omíyalé

Ojú tí Ìbàdàn ti rí omíyalé kò ṣeé gbàgbé: ti Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, àti ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, èyí tí ó bí iṣẹ́ ìdènà omíyalé tí Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún ní 2014. Abájọ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń mú un ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ. SRTM ni dátà gíga ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, èyí tí wọ́n fi ọjọ́ bíi mọ́kànlá gbà láti òfúrufú ní oṣù Kejì ọdún 2000. Copernicus DEM, dátà gíga ilẹ̀ mìíràn, lo àwòrán rédà tí wọ́n yà láàárín 2011 àti 2015. Mítà 30 ni àwọn méjèèjì, Copernicus ni màá sì mú nítorí pé ó tuntun jù, ó sì mọ́ jù. Ṣùgbọ́n orí òrùlé àti orí igi ni àwọn méjèèjì ti ń wọn gíga, kì í ṣe ilẹ̀ìlẹ̀, ọ̀pọ̀ ibi lára Ògùnpa àti Kúdẹtì kò sì fẹ̀ tó píkísẹ́lì kan. Wọ́n dára fún wíwá agbègbè tí omi ń ṣàn lọ sí odò kan náà, wọ́n sì dára fún kíláàsì. Wọn kò tó láti sọ pé ilé báyìí ni omi yóò wọ̀, ilé báyìí ni kò ní í wọ̀. Èyí nílò kí awọnlẹ̀ wọn ojú odò náà, tàbí kí a fi dúróònù ya á, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfúrufú, àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò.

Minna àti WGS 84

Ọ̀rọ̀ yìí kúrú, ṣùgbọ́n ó ti ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ jẹ́. Minna àti WGS 84 jẹ́ ìlànà ìwọ̀n tí a fi ń sọ ibi tí nǹkan wà lórí ilẹ̀. Orí Minna ni àwọn máàpù bébà wa àti ọ̀pọ̀ sọ̀fé àtijọ́ dúró lé. Orí WGS 84 ni sátẹ́láìtì àti fóònù dúró lé. Ní agbègbè Ìbàdàn, bí a bá gbé ọ̀kan lé èkejì láìyí i padà, ilẹ̀ yóò yẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 100, èyí tó tó láti gbé ilé kan kúrò ní bèbè odò sí òdìkejì. Ẹ lo EPSG:32631, nọ́ńbà ìlànà kan tó wà lórí WGS 84, fún iṣẹ́ tuntun, kí ẹ sì kọ́kọ́ mọ̀ bóyá máàpù àtijọ́ tí ẹ ní jẹ́ EPSG:26331 tàbí EPSG:26391, tí àwọn méjèèjì wà lórí Minna, kí ẹ tó yí i padà. Ẹ fi í kọ́ni ní ọ̀sẹ̀ kejì, kì í ṣe ní ìparí sáà.

QField, KoboToolbox àti bébà lórí pápá

Ohun tí mo ti sọ nípa páànù, agbo-ilé àti odò tóóró fi hàn pé yíyàn tó ṣòfò jù ni kí a yan sọ́fítíwíà fún oṣù mẹ́ta, kí a sì fi ọjọ́ méjì ṣe pápá. QField ń gbé máàpù QGIS lọ sórí fóònù Android tàbí iPhone, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ló sì dára fún yíya ààlà ilé àti ojú àgbàrá. KoboToolbox, irinṣẹ́ fọ́ọ̀mù ìbéèrè, náà ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì dára ju QField lọ bí ìbéèrè bá pọ̀ ju ohun tí a fẹ́ yà lọ, pàápàá bí a bá fẹ́ kí ìbéèrè náà hàn ní èdè Yorùbá. Bébà tí a tẹ àwòrán àdúgbò sí ṣì ní àǹfààní tirẹ̀, nítorí pé mẹ́ta mẹ́rin nínú àwọn àgbà lè tẹ̀ lé e lórí papọ̀, kí wọ́n sì máa fi ìka tọ́ka sí ibi tí omi dé lọ́dún báyìí. Ojú fóònù kò gba irú èyí.

Ní àárín ìlú, ọ̀dọ̀ mọgàjí ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà láti ilé-ẹ̀kọ́ àti àlàyé ohun tí a fẹ́ fi dátà náà ṣe. Bí onílé bá ní kí a má ya ilé òun, a kò gbọdọ̀ yà á. Kí a ti pinnu iye ibi tí a ó yẹ̀ wò ní oríṣi àdúgbò kọ̀ọ̀kan, agbo-ilé, ẹ̀bá odò, ilé tuntun ẹ̀yìn ìlú àti GRA, kí a tó tan kọ̀ǹpútà láti ṣe ìṣirò kankan, kí ó má baà di pé ibi tó rọrùn láti dé nìkan ni a fi ṣe ẹ̀rí.